Bí Ìyá Ẹ-Dákẹ́ Ṣe Di Ìyá Kọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí olùkọ́ náà bọ́ sí kíláàsì karùn-ún, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tó kí i. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Ó wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó dúró, ó ń retí kí wọ́n dìde bí ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń dìde. Gbogbo wọn jókòó pa, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo òjò tó fẹ́ ba ọjọ́ eré jẹ́.

"Ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"A rí yín, Mà," ni ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú dá a lóhùn, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ọmọbìnrin yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Adájọ́, torí òun ló máa ń dá ẹjọ́ wọn bí wọ́n bá jà níta, bó bá sì ti dá a tán, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i padà. Orúkọ tí wọ́n sọ olùkọ́ náà ní tirẹ̀ ni Ìyá Ẹ-Dákẹ́. Ó pẹ́ tó ti ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ògiri kan ló sì wà láàárín òun àti kíláàsì karùn-ún. "Ẹ dákẹ́!" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n máa ń gbọ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ sílé. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀. Kò dùn ún. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá dákẹ́ ló ń gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹni tí kíláàsì karùn-ún fẹ́ràn ni olùkọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan tó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Tíṣà Gíga ni wọ́n ń pè é. Bó bá ń ka ìtàn fún wọn, á gun àga, á sọ̀rọ̀ bí arúgbó, á fẹ́ bí ìjì, àwọn ọmọ á sì máa pariwo tẹ̀ lé e. Ariwo yẹn ni Ìyá Ẹ-Dákẹ́ kò lè fara dà ní ẹ̀yìn ògiri. Ó gbá ògiri títí, wọn ò gbọ́. Ó lọ bá ọkùnrin náà sọ ọ́, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́, kò sì yí padà. Ló bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ. Ó ní ọkùnrin náà ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré, pé ó máa ń kó wọn lọ sábẹ́ igi láìgba àṣẹ, pé lọ́jọ́ kan ó fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan nígbà tó lọ wá ṣọ́ọ̀kì. Kò purọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ba ilé ìwé rẹ̀, ní kí Tíṣà Gíga máa lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹni tó fẹjọ́ sùn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bó ṣe yẹ kó rí," ó ní, "ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ lọ gba kíláàsì náà."

Àwọn ọmọ sì ti gbọ́. Ẹni tó sọ fún wọn ò hàn, ṣùgbọ́n ilé ìwé wo ló ní kọ̀rọ̀ tí etí ọmọdé ò lè dé?

Tíṣà Gíga fi ìwé ìtàn kan sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó ti kà á dé ìdajì. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, òun àti ìyá àgbà rẹ̀ ń gbé inú ilé kan létí odò. Nígbà tí bàbá ọmọ náà kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dé, ó ní òun ló ni ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn yàrá mọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì kọ́kọ́rọ́ máa ń dún woro-woro níbàdí ọkùnrin náà kó tó yọ. Ìyá àgbà kì í wí nǹkan kan. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á tan fìtílà sójú fèrèsé, á jókòó tì í. Torí ìwé yìí ni Tíṣà Gíga ṣe ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní àmì: nǹkan kan nínú ìtàn tó jẹ́ ara rẹ̀, tó sì tún ń fọgbọ́n sọ nǹkan mìíràn fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Ó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ kí ọdún tó parí, nítorí náà Ìyá Ẹ-Dákẹ́ kò lè sá fún un.

Ó gbà á bó ṣe ń gba gbogbo iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà: "Fìtílà: ìrètí." Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ dà á kọ."

Adájọ́ nawọ́. "Mà, Tíṣà Gíga ní ká má kánjú. Ó ní àmì ò dà bí ìṣirò, tí ìdáhùn ẹ̀ ń jẹ́ ẹyọ kan."

"Tíṣà Gíga ò sí níbí mọ́."

"A mọ̀, Mà," Adájọ́ ní. "A mọ ohun tó gbé e lọ náà."

Ẹ̀jẹ̀ ru lójú olùkọ́ náà. Ó ní kí ọmọ náà dìde dúró títí aago á fi lù. Adájọ́ dìde. Kò sunkún, kò fajú ro, ó kàn dúró ṣánṣán, ó tẹjú mọ́ olùkọ́ náà bí ẹni pé olùkọ́ gan-an ni wọ́n ní kó dúró.

Láti ìgbà náà ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á fún un ní ìdáhùn tí kò ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ. Bó bá ní kí wọ́n kàwé sókè, wọ́n á kà á lóhùn òkú, kò ní lọ sókè, kò ní lọ sílẹ̀. Wọn ò ṣe ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ fìyà jẹ wọ́n. Ìyẹn ló ń bí i nínú jù.

Ìyá Ẹ-Dákẹ́ máa ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí. Ti kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ti dúrọ́ọ̀, ti yàrá ìwé, ti ilé tó ń gbé, gbogbo ẹ̀ wà lára òrùka irin kan, torí ìwé máa ń sọnù ní ilé ìwé náà, kì í sì í fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni kó tó rí nǹkan lò. Ó ti so ó bẹ́ẹ̀ pẹ́ débi pé kò gbọ́ dídún rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń ka ibi tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ti ti yàrá tí bàbá rẹ̀ ń kó àwọ̀n ìpẹja sí. Ó kà á pé woro-woro kọ́kọ́rọ́ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin náà sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Ó yí padà kó lè ṣí ojú ewé. Ìbàdí rẹ̀ dún woro.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn kàn gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn sì bà sórí òrùka irin náà.

Ó yẹ kó máa kàwé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé ọmọdé kankan ò ní dẹ́rù ba òun. "Ó dáa. Kí ni kọ́kọ́rọ́ dúró fún nínú ìtàn yìí?"

Adájọ́ dìde láìnawọ́.

"Ẹni tó gba ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, Mà. Tó wá ń fi dí àwọn tó ni ín lọ́nà."

Ìdáhùn náà dára. Ohun tó dun olùkọ́ náà nìyẹn. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ọmọ kankan tó tíì fún un ní ìdáhùn tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òun sì ni wọ́n fi bá wí. Ó ní kó jókòó. Ó pa ìwé dé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì ya kọ́kọ́rọ́ kékeré sára àga rẹ̀. Ó nù ún. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, òmíràn wà lára ilẹ̀kùn, òmíràn sì wà lábẹ́ fèrèsé. Ó ní kí ẹni tó yà á jáde, gbogbo kíláàsì dìde. Ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú báàgì, kó má bàa dún mọ́. Bó ṣe ń wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan fi ahọ́n ṣe é lẹ́yìn: "Woro, woro." Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ tuntun lẹ́nu ọmọ kíláàsì kìíní kan tí kò tiẹ̀ mọ ìtàn náà rárá: "Ẹ sáré o, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀!"

Ó wá di pé kò sí ohun tó rí tí kì í yẹ̀ wò. Bó bá rí òkú eṣinṣin lórí tábìlì rẹ̀, á rò ó pé kí ni wọ́n fẹ́ fi sọ. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé kan ṣoṣo sílẹ̀, á tì í. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kán, á wo ojú wọn. Òun tí wọ́n ní kó kọ́ ọmọ ní àmì, àmì ti wá ń lé e kiri.

Báyìí ni nǹkan rí lọ́jọ́ ọ̀ràn Kíún. Kíún jókòó lẹ́yìn pátápátá, ọmọbìnrin tó tín-ín-rín, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa. Kò sí nínú ìjà kankan. Olùkọ́ ń kàwé lọ, ó gbójú sókè, ó rí i tí Kíún fa okùn kan jáde lọ́rùn aṣọ, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ kan kalẹ̀ gbangba sórí tábìlì.

Kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn kíláàsì. Ó ti já kọ́kọ́rọ́ náà gbà.

"Ìwọ náà!" ó pariwo. "Ìwọ tí mo rò pé o ní làákàyè!"

"Mà, okùn ẹ̀ ló já, mo fẹ́..." Ohùn Kíún lọ. "Kọ́kọ́rọ́ ilé wa ni, Mà."

"Kọ́kọ́rọ́ ilé yín! Ta ló rán ẹ?"

Adájọ́ dìde, ojú rẹ̀ ò le bíi ti tẹ́lẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kò sí lára wa. Kọ́kọ́rọ́ ilé wọn ni lóòótọ́. Ìyá ẹ̀ kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ Adájọ́ ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ mìíràn ló sọ ọ́, bóyá ì bá gbọ́. Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Nígbà tí wọ́n jáde, Kíún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Lọ pe ìyá ẹ wá," olùkọ́ ní. "Òun ni màá fún ní kọ́kọ́rọ́ náà."

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ni olùkọ́ náà ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ gba ìdajì pálọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀ kíkan-kíkan lórí páànù, ó ń ròyìn fún àbúrò rẹ̀ bó ṣe rí ọ̀kan nínú wọn mú wàyí.

Àbúrò rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá wá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé wọn lóòótọ́ ńkọ́?"

"Kò lè jẹ́."

"Mo ní tó bá jẹ́."

"O ò mọ àwọn ọmọ yẹn."

Àbúrò rẹ̀ wo fèrèsé, ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ ẹ̀rọ padà. Olùkọ́ náà ò jẹ oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń fi ṣíbí tì í síhìn-ín ló ń tì í sọ́hùn-ún. Kò mọ ilé ọmọ náà. Ó bi ara rẹ̀ pé báwo lòun ṣe ń kọ́ ọmọ láti ìgbà yìí tí òun ò mọ àdúgbò tó ń gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá Kíún ti dé ilé ìwé kí àwọn olùkọ́ tó pé. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ló sì wọ̀ wá. Nínú yàrá ọ̀gá àgbà ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi?"

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ìwé kan wà tá à ń kà..."

"Ìwé ló ní kẹ́ ẹ ti ọmọ mi mọ́ta?"

"Rárá, Mà. Nínú ìwé náà, kọ́kọ́rọ́ jẹ́ àmì kan, àwọn ọmọ wá ń lò ó láti..."

"Kọ́kọ́rọ́ ilé mi kì í ṣe àmì," obìnrin náà ní. Kò pariwo. "Ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Mo dé, mo bá ọmọ mi tó ká kò lẹ́nu ọ̀nà bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé síta. Aṣọ ẹ̀ ń kán tótó. Eyín ẹ̀ ń lu ara wọn. Ó gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ibo lẹ wà nígbà tí òjò yẹn ń rọ̀?"

Olùkọ́ náà ṣí ẹnu. Ó rántí pálọ̀ àbúrò rẹ̀, ó rántí ṣíbí.

"Mà, ẹ má bínú," ọ̀gá àgbà bọ́ sáàárín, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. "Ọ̀rọ̀ tá a lè fi pẹ̀lẹ́tù yanjú ni."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Ọmọ mi ò sì ní wọ kíláàsì obìnrin yìí mọ́. Tó bá tún fọwọ́ kàn án, èmi àti òun la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà."

Olùkọ́ lọ mú kọ́kọ́rọ́ náà wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un. "Mo tọrọ àforíjì, Mà. Mi ò mọ̀ ni."

"Wọ́n sọ fún yín," obìnrin náà ní. Ó gbà á, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún bí ẹni pé ó dọ̀tí, ó sì jáde.

Ọ̀gá àgbà ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ wá fẹjọ́ ẹlòmíràn sùn mí lọ́jọ́sí, pé kò mójú tó ọmọ. Ta ni kí èmi wá fẹjọ́ yín sùn báyìí? Màá gbé Kíún lọ sí kíláàsì karùn-ún kejì, lápá kejì ọgbà. Ẹ̀yin, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, kí n má sì gbọ́ orúkọ yín mọ́ títí ọdún á fi parí."

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tó wọlé. Gbogbo ìgbà tó fi ń pariwo kí wọ́n dákẹ́, wọn ò dákẹ́ tó báyìí rí. Tábìlì Kíún ṣófo. Olùkọ́ náà ò jókòó.

"Mo ṣẹ Kíún," ó ní. "Òótọ́ ló sọ, mi ò gbà á gbọ́. Ó ń ṣàìsàn nílé. Èmi ni mo fà á."

"A sọ fún yín," Adájọ́ ní.

"Ẹ sọ fún mi."

Adájọ́ dìde, ó di etí tábìlì mú. "Ṣé ẹ̀yin lẹ lé Tíṣà Gíga?"

Ó lè sọ pé ọ̀gá àgbà ni. Bí wọ́n bá gbé e dé ìwọ̀n, kò ní jẹ́ irọ́. Ó wo ojú àwọn ọmọ náà, ó sì rí i pé kò sí èyí tó máa gbà á.

"Èmi ni mo fẹjọ́ ẹ̀ sùn."

"Kí ló ṣe yín?"

"Ariwo yín ò jẹ́ n ráyè." Ó wo ògiri kíláàsì kẹrin. "Àti pé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ. Àwọn tèmi kì í rẹ́rìn-ín."

"Ṣé torí ìyẹn nìkan?" ọmọkùnrin kan béèrè láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

"Torí ìyẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú, kò sì yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ jókòó. Ó ṣí ìwé tirẹ̀ síbi tí wọ́n dé. "Ẹ máa kà á lọ, Mà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì tutù bí irin.

Ó kà á. Kò gun àga, kò mọ ọ́n ṣe; ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ̀yìn ba bí ìyá àgbà, kò sì jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò fi rúlà fa ìlà sábẹ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí wọ́n dé òpin ìtàn, níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá ti ti gbogbo yàrá tán, tí kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, ó tún bi wọ́n ní ìtumọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ fúnra wọn. Ẹnìkan ní ìbẹ̀rù ni, pé ẹni tó ń ti nǹkan, ó ń bẹ̀rù. Òmíràn ní iyì tí kò tọ́ sí i ni. Òmíràn ní kọ́kọ́rọ́ lásán ni, ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ abẹ́nú ni? Ó kọ gbogbo ẹ̀ sójú pátákó. Ó kọ ti Adájọ́ náà bí ó ṣe wí i níjọ́sí: ẹni tó gba ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé olùkọ́ kíláàsì kẹrin tuntun gbá ògiri.

Ara Kíún yá, ó sì ń lọ sí kíláàsì karùn-ún kejì. Bí olùkọ́ náà bá pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́nu géètì láàárọ̀, á kí i. Obìnrin náà ò dá a lóhùn rí. Ó ń kí i bẹ́ẹ̀ náà títí ọdún fi parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ ọlidé, àwọn ọmọ kó ẹrù wọn, wọ́n ń jà, wọ́n ń jáde. Wọ́n sọ fún ara wọn pé ó dàbọ̀, wọn ò sọ fún un. Adájọ́ ló kẹ́yìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà.

"Mà, a ò tíì dárí jì yín o."

"Mo gbọ́," olùkọ́ ní.

"Ṣùgbọ́n ìwé yẹn dùn." Ó gbé báàgì sí èjìká. "Ibi tẹ́ ẹ ti ń fara wé ìyá àgbà yẹn nìkan ni kò dáa. Ẹ má ṣe é mọ́."

Ó lọ. Olùkọ́ náà dúró sáàárín àwọn àga tó ṣófo, ẹ̀rín kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ.